Wọ́n pè mí síṣẹ́ ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Tíṣà Bíọ́lọ́jì

Ẹ káalẹ́ ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Mo parí MPH (másítà ìlera àwùjọ) n'Íbàdàn lọ́dún tó kọjá, látìgbà yẹn bíọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ilé ìwé aládàáni kan, owó oṣù tí wọ́n ń san ò ṣe é sọ síta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá pè mí pé mo wọlé síṣẹ́ kan tí mo ti kọ̀wé sí tipẹ́, pírójẹ́ẹ̀tì ni, oṣù méjìdínlógún, wọ́n fẹ́ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun wò fún sickle cell, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ní àwọn hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, èmi á wà lára àwọn olùwádìí tó ń lọ fíìdì, màá máa gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn ìyá, màá máa kó dátà jọ, màá sì máa tẹ̀lé àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá jáde pé ó ní wàhálà.

Kí ni iṣẹ́ yìí gan-an? Mi ò bèèrè èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé o, mo ti ka ìyẹn. Mo fẹ́ mọ ohun tí èèyàn ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Màámi ti kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ṣé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni mo fẹ́ máa gbà kiri nínú ayé tí a wà yìí, pé lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe ọ̀kan nínú wọn, ta ni wọ́n máa wá bá? Èmi náà ò rí èsì fún wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ń fà mí síṣẹ́ yìí. Àǹtí mi kan, àbúrò màámi ni, bí ọmọ mẹ́ta, méjì kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Àbíkú ni wọ́n pè wọ́n, kódà wọ́n sàmì sí ẹ̀kejì lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Ìgbà tí mo dé yunifásítì tí wọ́n kọ́ wa nípa hemoglobin, èyí tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ṣe máa ń wú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. N ò tíì sọ ohun tí mo rò fún àǹtí mi dòní.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni mo fẹ́ gbọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Fíìdì

Àbúrò, o kú oríire. Ọdún kẹfà mi rèé lẹ́nu ẹ̀, pírójẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bàtà tí mo ti gé ò lóǹkà.

Jẹ́ kí n ti orí ọ̀rọ̀ màámi ẹ bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí wọ́n sọ yẹn náà ni gbogbo ìyá àgbà tó ń tẹ̀lé ọmọ wọn wá sí kílínìkì máa ń sọ sí mi lójú. Wọn ò sì jẹ̀bi. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn ní Nàìjíríà tí wọ́n wá ní kó na ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́fà wá kí àlejò kan gún un, tí ò bá bèèrè ọ̀rọ̀, a jẹ́ pé nǹkan ń ṣe é. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ní káàdì kan tó ti bàjẹ́ nínú báàgì mi, mo máa ń fún ìyá àgbà pé kí wọ́n mú un, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n rí i pé àmì roboto mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ló wà lórí ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ máa kán sí, nọ́ńbà ló sì wà lára ẹ̀, kì í ṣe orúkọ ọmọ. Màá ní kí wọ́n jókòó tì mí. Tí wọ́n bá ti fojú ara wọn rí i pé gbogbo ẹ̀ ò tó omi inú ṣíbí, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, àwọn náà ló tún máa ń pe obìnrin tó wà lẹ́yìn pé "ìwọ náà gbé tìẹ wá".

Òwúrọ̀ wa báyìí ni: aago méje ààbọ̀ o ti gbọ́dọ̀ wà ní sẹ́ńtà, torí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára làwọn ìyá ń wá, wọ́n á kọrin, wọ́n á pàtẹ́wọ́, nọ́ọ̀sì á sọ̀rọ̀ ọmú, lẹ́yìn ìyẹn ló kàn ẹ́. O ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ṣàlàyé jẹ́nótáìpù fún ogójì obìnrin tí ọmọ ń ké lórí ẹsẹ̀ wọn. Má lo "hemoglobin" fún wọn o! Fòníkú-fọ̀ladìde ni kó o sọ, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tí ò ní ẹnì kan nínú ẹbí. Lẹ́yìn náà, fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá, ẹni tí ò bá fẹ́, kò fẹ́ náà nìyẹn, o ò gbọ́dọ̀ fi ojú burúkú wò ó, abẹ́rẹ́ ọmọ ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ torí ẹ̀.

Gígún ẹsẹ̀ yẹn, ọwọ́ ló ń kọ́ ọ. Wàá fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wé ẹsẹ̀ ọmọ kí ẹ̀jẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀, ìyá á gbé ọmọ dúró, kó máa fún un lọ́mú lọ́wọ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ lo máa gún, kì í ṣe àárín, torí egungun wà nítòsí níbẹ̀. Ẹ̀kán àkọ́kọ́, nù ún dànù. Èkejì ni kó o jẹ́ kó tóbi dáadáa kó o tó fi bébà kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á fà á mu tán, á sì yọ lẹ́yìn bébà. Tó ò bá rí i lẹ́yìn bébà, o ò tíì gba nǹkan kan. Má fún ẹsẹ̀ ọmọ bí ẹni ń fún ọsàn. Lẹ́yìn náà, ó máa gbẹ fún bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lórí nǹkan tó tẹ́jú, kì í ṣe nínú oòrùn, kì í ṣe nídìí fáànù tó ń fọ́n eruku. Mo ti rí ẹni tó fi káàdì ọgbọ̀n lélẹ̀ lójú fèrèsé tí aláǹgbá gba orí wọn kọjá.

Gbogbo èyí tí mo sọ yìí, àbúrò, ìdajì iṣẹ́ ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀jẹ̀ gbígbà ni iṣẹ́ wa, kò tíì wá. Iṣẹ́ wa ni pé kí a rí ọmọ yẹn *padà*.

Láàbù á fi èsì ránṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, nínú ẹ̀ wàá rí FS méjì, ìyẹn ọmọ méjì tó jọ pé wọ́n ní àìsàn náà. Wàá pe nọ́ńbà. Fóònù ti kú. Wàá pe ti bàbá ọmọ, yóò ní òun wà lọ́nà Sókótó, òun ò mọ̀ nǹkan kan, kí o pe ìyàwó òun. Àdírẹ́sì tí wọ́n kọ ni "lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ilé tí wọn ò tíì kùn". Ṣé o mọ iye ilé tí wọn ò tíì kùn tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí n'Íbàdàn? Ọmọ kan wà lọ́dún kẹta mi, mo lọ sílé wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta yẹn ni obìnrin kan tó ń ta fùfú níwájú ilé wá sọ fún mi pé ìyá ọmọ ti lọ sí Òkehò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ kí wọ́n lè bá a wẹ ọmọ, kò tíì mọ ìgbà tó ń bọ̀. Mo bẹ nọ́ọ̀sì sẹ́ńtà pé kó fi báírò pupa yí nọ́ńbà ọmọ yẹn po nínú rẹ́jísítà. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni wọ́n rí i, nọ́ọ̀sì dá wọn dúró, wọ́n pè mí, mo gun ọ̀kadà débẹ̀ nínú òjò. Ọjọ́ yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ pẹnisílìn. Ó ti ń sáré kiri báyìí, tí wọ́n bá wá sí kílínìkì ó máa ń wá bisikíìtì nínú báàgì mi láìtọrọ.

Látìgbà yẹn, nọ́ńbà mẹ́ta ni mo máa ń gbà: ti ìyá, ti ẹnì kan nínú ẹbí ìyá, ti ẹni tó ń tajà níwájú ilé. Ọlọ́jà kì í kó lọ.

Ìdí tí a fi ń sá eré yẹn rèé. Ọmọ SS ò ní ṣàìsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá wá láti inú oyún, èyí tí wọ́n ń pè ní F, ló ń dáàbò bò ó fún oṣù bíi mélòó kan, ìyá á máa wò ó pé ọmọ òun sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, kí ni àwọn wọ̀nyí ń sọ? Bó bá ti ń tó oṣù mẹ́fà tí F ń lọ, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹ̀yà ara tó wà lápá òsì ikùn tó yẹ kó máa sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ á ti ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, kòkòrò tó ń fa òtútù àyà á wọlé, ó lè pa á láàárín ọjọ́ kan. Lọ́dún 1986 làwọn dókítà ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti fún àwọn ọmọ kéékèèké ní pẹnisílìn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àkóràn yẹn fi 84 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, wọ́n tiẹ̀ dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àsìkò torí ó hàn gbangba. Pẹnisílìn lásán o! Oògùn tí ò wọ́n. Ṣùgbọ́n o ò lè fún ọmọ tó ò mọ̀ pé ó ní i.

Ṣẹ́gun Láàbù

Ọ̀gá mi Àbẹ̀kẹ́, mo kí yín o, ẹ ti sọ tán àmọ́ ẹ ṣẹ́ nǹkan tiwa kù. Èmi ni mò ń gba àwọn káàdì yẹn lẹ́yìn yín, ẹ sọ fún àbúrò yìí pé kó má ṣe kán ẹ̀jẹ̀ lé orí ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń ki bí ọ̀dà tí wọ́n kùn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ ò ní lè kà á dáadáa, a ó kọ ọ́ padà, ẹ̀yin ló sì máa lọ wá ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì.

Tíṣà, bébà yìí ti dàgbà ju èmi àti ẹ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Robert Guthrie ní Buffalo, ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di nǹkan ní bíi ọdún 1960 sí 63 fún àìsàn mìíràn tí wọ́n ń pè ní PKU, pé kí wọ́n gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ ọmọ sórí bébà kí wọ́n fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà. Ọgbọ́n yẹn náà la ṣì ń jẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ kó o tó débẹ̀ ni pé, èsì ọmọ tuntun ò rí bí èsì àgbà. O ò ní rí "SS". Lẹ́tà yẹn máa ń tò bí wọ́n ṣe pọ̀ sí, èyí tó pọ̀ jù ló ń ṣáájú. FA, kò sí wàhálà. FAS, ọmọ AS ni. FS, kò sí A rárá, wá ọmọ yẹn kíá. FSC, bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n tó o bá rí FSA, tí S ju A lọ, má kà á bí FAS o, ọmọ yẹn nílò ìwádìí síwájú sí i. Mo ti rí olùwádìí tó tẹ FSA sínú Excel bíi FAS, ó ní "lẹ́tà kan náà ni". Lẹ́tà kan náà kọ́!

Èkejì: bèèrè lọ́wọ́ ìyá bóyá wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára. Níbí tiwa, ibà pọ́njú ń mú ọmọ tuntun gan-an, wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tó bá wọ ara ọmọ ló máa jáde nínú tẹ́ẹ̀sì, wàá wá sọ fún ìyá ọmọ SS pé ọmọ ẹ̀ ò ní nǹkan kan. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ dúró bí oṣù mẹ́rin kí ẹ tó padà gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀.

Ẹ̀rọ ńlá tí a ń lò ni HPLC, ibòmíràn IEF ni wọ́n ń lò. Electrophoresis àtijọ́ tó wà ní àwọn láàbù ìgboro ò dára fún ìkókó, F ti pọ̀ jù, á bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra kẹ́míkà ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò sì fẹ́ kí iná ṣẹ́jú. Ìdí nìyí tí àwọn tẹ́ẹ̀sì kékeré bíi HemoTypeSC àti Sickle SCAN fi wúlò, ẹ̀kán kan, ìlà á jáde níbẹ̀ kí ìyá tó kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Tí pírójẹ́ẹ̀tì yín bá ń lo ìyẹn, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ ò ní gun ọ̀kadà nínú òjò mọ́ nìyẹn, àbí? Síbẹ̀ a ṣì ń fi HPLC tún un yẹ̀wò.

Tíṣà Bíọ́lọ́jì

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, mo ti kọ ti FSA yẹn sílẹ̀ gàdàgbà. Ìbéèrè kan ṣì ń dà mí láàmú. Tí ọmọ bá jáde FS, tí ìyá ní AS lòun, tí bàbá wá dìde níbẹ̀ pé AA lòun, ìwé òun wà nílé. Kí ni mo máa sọ?

Àbẹ̀kẹ́ Fíìdì

O ò ní sọ nǹkan kan. Ó ti tán.

Ó dáa, mo ń ṣeré, àmọ́ díẹ̀ ni. Òfin wa ni pé ìyá nìkan la kọ́kọ́ ń fi èsì hàn, nínú yàrá, ilẹ̀kùn títì. Ọ̀rọ̀ ọmọ àti oògùn ọmọ la bá wá, a ò bá ti ta ló bí i wá. Ìgbìmọ̀ ẹ́tíìsì gan-an máa ń bèèrè ohun tí ẹ máa ṣe lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwádìí yín.

Àmọ́ gbọ́ èyí, torí mo fẹ́ kó wà lọ́kàn ẹ tí ẹnu bá fẹ́ máa yún ẹ. Nínú àwọn ìyá tí mo ti bá jókòó, mo ti rí èyí tó mú ìwé wá pé AA ni òun, ìwé tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí pásítọ̀ wò ó tó ní kí wọ́n tẹ̀ síwájú. Ọmọ tó bí jáde FS. A ò kúkú lè sọ pé ìyá kọ́ ló bí i! Òun ló bí i, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. A tún ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣe, AS ni. Láàbù tó ṣe ìwé yẹn ló parọ́. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí ìyá, kí ló dé tí kò fi ní ṣẹlẹ̀ sí bàbá? Torí náà kí bàbá wá tún tiẹ̀ ṣe ni ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí ẹnu wa.

Ṣẹ́gun Láàbù

Gbáà. Mo tún fẹ́ fi kún un pé thalassemia, àìsàn ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń bí mọ́ni, náà wà níbẹ̀, ẹni tó gbé e lára lè jáde bí AA nínú tẹ́ẹ̀sì ìgboro. Kò wọ́pọ̀ o, àmọ́ ó wà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó, láàbù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kó lọ, kó má fi ti ẹyọ kan ṣe.

Màmá Ìbùkún

Mo ti ń kà yín látàárọ̀, mo ní kí n dákẹ́, kò gbà.

Ìbùkún mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án. SS ni. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò nígbà tí mo bí i. Ìgbà tó pé oṣù mọ́kànlá ni ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì wú, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní ṣé kò jábọ́, ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ mi ò lù ú. Èmi tí n ò tilẹ̀ ní ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ń pààrà kí dókítà kan tó jẹ́ àgùnbánirọ̀ tó wo ojú ọmọ, ó ní "mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni jẹ́nótáìpù yín?" Ọmọ kékeré yẹn, Ọlọ́run ló rán an.

Àmọ́ kì í ṣe torí ìyẹn ni mo fi kọ̀wé. Nígbà tí mo bí èkejì, àwọn oníṣẹ́ ìwádìí wá síbi tí mo bímọ sí, wọ́n múra dáadáa, wọ́n ṣàlàyé, mo tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n gún ẹsẹ̀ ọmọ mi. Títí di bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, èsì ò dé. Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé tí wọ́n fún mi, lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n gbé e, wọ́n ní pírójẹ́ẹ̀tì ti parí, ọ̀gá ti rìnrìn àjò. Mo fi owó ara mi lọ ṣe é nígbà tó pé oṣù mẹ́sàn-án, AS ni, mo dúpẹ́. Tó bá jẹ́ SS ńkọ́? Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi gbọ́kàn lé àwọn tó ti gbé èsì ọmọ mi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Nítorí náà àbúrò mi, kó o tó gbaṣẹ́ yẹn, béèrè lọ́wọ́ wọn: tí owó bá tán, ta ló máa pè wá? Tí wọ́n bá ń kólòlò, má gbà á.

Àbẹ̀kẹ́ Fíìdì

Màmá Ìbùkún, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. N ò ní í gbèjà ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣẹlẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kọ pírójẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ máa ń kọ owó ẹ̀rọ, owó kẹ́míkà, owó ìpàdé, wọ́n máa wá fi owó ọ̀kadà àti káàdì fóònù sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ìyẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ tán.

Àbúrò, ìbéèrè tí Mà bi ẹ yẹn, gbé e lọ síbẹ̀ bó ṣe wà.

Nọ́ọ̀sì Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ sickle cell ni mò ń ṣe níbí, àwọn èèyàn wa ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń tọ́jú. Ọjọ́ karùn-ún ni midwife ń gún ẹsẹ̀ gbogbo ọmọ níbí, òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú, kò sí ẹni tí wọ́n ń yọ sílẹ̀ àyàfi tí òbí bá kọ̀. Kódà ẹ̀jẹ̀ ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò nígbà tí oyún ṣì kéré, tí ó bá jáde AS wọ́n á pe bàbá ọmọ. Ọmọ tó bá jáde FS, ó gbọ́dọ̀ ti máa lo pẹnisílìn kó tó pé 90 ọjọ́, tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ wa ohun tó fà á.

Mo sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ wọn ló dára ju tiyín lọ. Bébà kan náà, gìgísẹ̀ kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé orúkọ ẹnì kan wà tó máa dáhùn fún ọmọ yẹn. Síbẹ̀ àwa náà ń wá wọn o! Yorùbá á kó kúrò ní Peckham lọ sí Manchester lóru, kò ní sọ fún GP, dókítà àdúgbò ẹ̀. Ìyá mìíràn á ní kí n má pe òun tí ìyá ọkọ bá wà nílé, pé wọ́n á ní òun ló gbé ẹ̀jẹ̀ burúkú wọlé, ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ wọn náà gbé wá!

Ẹ má sì rò pé òyìnbó nìkan ló ṣe é. Ní Kùmásì ní Gánà, ọdún 1995 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwaku Ohene-Frempong ló wà nídìí ẹ̀. Kútọnu níbi ẹ̀gbẹ́ yín níbẹ̀ náà ti ń ṣe é látọdún 1990 àti díẹ̀. Brazil ti fi í sínú ètò ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè wọn ní 2001, "teste do pezinho" ni wọ́n ń pè é, tẹ́ẹ̀sì ẹsẹ̀ kékeré, ìpínlẹ̀ Bahia táwọn ọmọ wa pọ̀ sí jù lọ ni àìsàn yìí sì ti wọ́pọ̀ jù. Ọkọ̀ ẹrú ló gbé e débẹ̀.

Lékan_Houston

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, torí AS ni mí. Ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe ń sọ èsì AS fún èèyàn. Ní Amẹ́ríkà níbí ní 1972 ìjọba ṣe òfin, owó jáde, gbogbo ìlú ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú wò láìṣàlàyé, wọ́n da AS pọ̀ mọ́ SS, àwọn kan pàdánù iṣẹ́, ilé ìwé ológun òfuurufú ò gba àwa AS títí di 1981. Ní Nàìjíríà tiwa, bíi ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Tíṣà, àwọn AS lo máa bá sọ̀rọ̀ jù, wọn ò ṣàìsàn, ẹ̀rù máa bà wọ́n lásán tó o bá sọ ọ́ kù díẹ̀.

Kò-kàn-mí

Gbogbo yín ń sọ ọ̀rọ̀ ńlá, ẹnì kan ò sọ̀rọ̀ owó. Èmi ti ṣe pírójẹ́ẹ̀tì ọdún méjì (ti ibà ni, kì í ṣe ti jẹ́nótáìpù). Owó oṣù dáa ju ti tíṣà lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè jókòó oṣù mẹ́ta kí ó tó wọlé torí owó ń bọ̀ láti òkèèrè. Kò sí pẹ́ńṣọ̀n. Oṣù kejìdínlógún bá pé, o padà sílé. Rí i pé orúkọ ẹ wà nínú ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ jáde, kọ ìyẹn sínú àdéhùn níbẹ̀rẹ̀, má dúró dìgbà tí wọ́n bá kọ ọ́ tán. Àwọn tó gun ọ̀kadà ni wọ́n máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nísàlẹ̀ ìwé láìdárúkọ.

Àbẹ̀kẹ́ Fíìdì

Ẹnu ẹ dùn láti gé 😂 àmọ́ òtítọ́ lo sọ.

Tíṣà Bíọ́lọ́jì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n padà wá jíṣẹ́.

Mo lọ bá wọn, mo bi wọ́n ní ìbéèrè Màmá Ìbùkún gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́. Ọ̀gá obìnrin tó ń darí ẹ̀ dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá ṣí kọ̀ǹpútà ẹ̀ sí mi, ó fi hàn mí pé ilé ìwòsàn ìjọba kan ti tọwọ́ bọ̀wé láti gba àwọn ọmọ FS títí tí wọ́n á fi pé ọdún márùn-ún, pírójẹ́ẹ̀tì ì báà parí. Owó ọ̀kadà wà níbẹ̀, kò pọ̀, àmọ́ kò sí nísàlẹ̀. Mo gbà á. Ọjọ́ Ajé ni màá bẹ̀rẹ̀. Mo ti ra bàtà.

Màámi ò tíì gbà tán, wọ́n ní kí n máa wọ ibọ̀wọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú mo lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi. Mo jókòó, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, ọwọ́ tó wú, ẹ̀jẹ̀ F, òtútù àyà. N ò dárúkọ àwọn tó ti lọ. Wọ́n ń já ewédú lọ bí ẹni tí ò gbọ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dá mi lóhùn, nígbà tí wọ́n sì dáhùn, wọn ò sọ̀rọ̀ kan nípa àwọn méjì yẹn. Wọ́n ní, "Bùkọ́lá ńkọ́?" Bùkọ́lá ni ẹ̀kẹta, ó wà ní pólì, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, kò ṣàìsàn rí, ọmọkùnrin kan sì ti ń pè é lórí fóònù lálaalẹ́. Wọn ò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. A ń lọ ní Sátidé. Láàbù méjì.